Àpótí Omi Òkun Tí Sàlámọ̀tù Tọ́jú

Ọdún 1985 ni mo kọ́kọ́ pàdé Sàlámọ̀tù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní kí n lọ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láàbù. Bí mo ṣe wọlé, àpótí gíláàsì ńlá kan ni ojú mi kọ́kọ́ bá lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Omi kún inú rẹ̀, ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Mo ti ìka kan bọ omi náà láti wò ó bóyá ẹja yóò sún mọ́ ọn. Ohùn obìnrin kan ti ẹ̀yìn mi wá.

"Tíṣà, ẹ fa ọwọ́ yín yọ. Ọṣẹ tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí ṣì wà lára ìka yín, ẹja ò sì lò ó."

Kò tíì kí mi o. Lẹ́yìn tí mo fa ọwọ́ yọ tán ló wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi káàbọ̀, ó fún mi ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan, ó sì ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì fi ohùn tútù sọ ọ́.

Ọmọ Àpòmù ni Sàlámọ̀tù. Sàídì, bàbá rẹ̀, fi gbogbo ayé rẹ̀ dẹ ẹja lódò Ọ̀ṣun, ọmọ náà sì ti mọ àwọ̀n tún ṣe kó tó mọ ìwé kà. Nígbà tí ó di òṣìṣẹ́ láàbù ní Ìkirè, ó rí i pé àwòrán ẹja inú ìwé ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ nípa ẹja. Ó bí i nínú. Ó ní báwo ni ọmọ tí odò ò ju máìlì mélòó kan sílé bàbá rẹ̀ yóò ṣe máa wo ẹja nínú ìwé. Ní ọdún 1982, ó bẹ wẹ́dà kan kí ó jó irin pọ̀ bí férémù fún un, ó ní kí onígíláàsì fi pọ́tì lẹ gíláàsì mọ́ ọn, ó sì fi omi odò kéékèèké ti Àpòmù kún un. Kò lo omi ẹ̀rọ, nítorí oògùn tí ìjọba ń dà sínú rẹ̀. Epìyà mẹ́fà àti àrọ̀ kan ni bàbá rẹ̀ mú wá fún un láti inú àwọ̀n.

Àrọ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ní Alága. Igun kan ṣoṣo ló máa ń jókòó sí, kì í mira, irùngbọ̀n rẹ̀ á kàn máa lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Bí Sàlámọ̀tù bá ti kan gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, á dìde, á wá jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ wà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1991 ni a gba ọ̀gá àgbà tuntun. Olúgbémi ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga tó máa ń wọ súùtù nínú oòrùn, tí kì í sì í dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún kan náà ni ìjọba ránṣẹ́ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù tó bá fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan ní Ìbàdàn kọ orúkọ wọn ránṣẹ́. Ẹni tó bá lọ yóò kúrò nípò ẹni tí ń fọ ìgò, yóò sì di ẹni tí ń dúró ti tíṣà láti kọ́ ọmọ. Sàlámọ̀tù ti ń retí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjìlá. Àmọ́ ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún kò lè lọ, òun sì ti pé mọ́kàndínlógójì. Bí ti ọdún yẹn bá fò ó, ó ti fò ó náà nìyẹn. Ó kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó gún régé, ó sì gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà kí ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé Òṣogbo.

Ọ̀gá àgbà gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó gbé ife tíì lé e. Àárín oṣù kẹsàn-án ló tó ránṣẹ́ pè é.

"Sàlámọ̀tù, jókòó. Mo rí nǹkan l'Ékòó, ní òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ṣe ìpàdé. Wọ́n ní àpótí ẹja bíi tìẹ yìí, àmọ́ ẹja ibẹ̀ ń dán bí aṣọ léèsì. Òmíràn ní ìlà ìyeyè, òmíràn àwọ̀ sánmọ̀. Tiwa wá dúdú bí ìdí ìkòkò."

"Ẹja òkun nìyẹn, sà. Inú odò ni tiwa ti wá."

"Mo mọ̀. Ilé ìwé yìí ń pé ọgbọ̀n ọdún ní oṣù kọkànlá, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀. Ẹja òkun ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Da iyọ̀ sínú omi yẹn."

Sàlámọ̀tù rò pé ó ń ṣeré ni. "Ẹ má bínú, sà. Bí a bá da iyọ̀ sí i, ọbẹ̀ la sè yẹn."

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Sàlámọ̀tù wá rọra ṣàlàyé. Ó ní iyọ̀ inú òkun kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan, pé oríṣiríṣi nǹkan ló wà níbẹ̀, omi òkun gan-an ni wọn yóò lọ pọn. Ó ní irin tó di àpótí yẹn mú yóò dípẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí iyọ̀ bá kàn án, ìpẹtà náà yóò sì pa ẹja, nítorí náà àpótí mìíràn tí kò ní irin ni wọn yóò kọ́. Ó ní omi tuntun kò mọ bí a ṣe ń palẹ̀ ìgbẹ́ ẹja mọ́, pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan tí ojú ò rí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta.

"Oṣù mẹ́ta? Omi náà ń kọ́ṣẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Omi náà ń kọ́ṣẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù." Ó gbé ife tíì kúrò lórí fọ́ọ̀mù, àmì ife náà sì wà lára rẹ̀ rogodo. "Ọjọ́ tí ẹja òkun bá ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú àwọn àlejò mi ni n óò fọwọ́ sí èyí. Bí ẹja kò bá sí, ìfọwọ́sí kò sí. Ó yé ọ?"

Ó yé e. Ó jáde, ó sì lọ dúró lẹ́yìn láàbù títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó mú ìwé àjákọ tuntun kan, ó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ètò rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ Sátidé yóò kó àwọn ẹja odò sínú agbada ńlá, yóò sì wọkọ̀ pẹ̀lú wọn padà sí Àpòmù, kí bàbá rẹ̀ tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè, omi àpótí ti fà dé ìdajì, kò sì sí ẹyọ ẹja kan níbẹ̀. Ẹni tí ń gbálẹ̀ sọ fún un pé láti ilé ọ̀gá àgbà ni wọ́n ti wá kó wọn. Ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ń ṣe ìpàdé níbẹ̀.

Sàlámọ̀tù gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìdáná ọ̀gá àgbà. Orí Alága wà nínú abọ́ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì gùn. Sàlámọ̀tù yí padà, ó gba iwájú ilé wọlé, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun.

"Ẹ jẹ ẹja mi, sà."

Ọ̀gá àgbà wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹja ilé ìwé. Àbí ìwọ lo bí i?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bọ́ ọ."

"Ó hàn lára rẹ̀. Ó lọ́ràá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi ọwọ́ nu ẹnu, ó kí i pé ó kú iṣẹ́ àbójútó. Sàlámọ̀tù sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe pé òun di etí ilẹ̀kùn mú, òun ì bá gba abọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan níbẹ̀, òun ì bá sì dà á lé e lórí. Ó padà sí láàbù. Láti ọjọ́ yẹn lọ, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "Rárá, sà" nìkan ló ń sọ fún ọ̀gá àgbà, bó bá tilẹ̀ fẹ́ béèrè nǹkan gígùn, ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Ìbínú náà ló fi ṣiṣẹ́. Ó ní òun yóò ṣe é, yóò sì dára débi tí ọwọ́ ọkùnrin náà yóò fi máa gbọ̀n bó bá ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó kọ lẹ́tà sí Ọmọ́wùmí, ọmọbìnrin kan tó ti jáde nílé ìwé wa, tó ń bá àwọn tí ń kó ẹja alárànbarà lọ sókè òkun ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Lẹ́tà tí Ọmọ́wùmí fi dá a lóhùn gùn tó ojú ìwé mẹ́rin. Ó fi ike gọ́ọ̀mù funfun méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, irú èyí tí ń lẹ gíláàsì mọ́ gíláàsì láìsí irin, tí kò sì ní oró fún ẹja. Onígíláàsì lẹ àpótí tuntun náà. Sàlámọ̀tù fi omi kún un, ó dà á nù, ó tún fi kún un, nígbà méje, títí òórùn gọ́ọ̀mù fi lọ pátápátá. Ó kó òkúta odò kúrò, ó fi ìkarahun òkun tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ dípò rẹ̀.

Moses, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ló lọ pọn omi òkun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, aládùúrà ni, ìjọ aláṣọ funfun kan nítòsí ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán ló ń lọ, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjìlá ló kó dé. Ọ̀gá àgbà wà nínú bọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó lọ ra aṣọ ayẹyẹ, kò sì jẹ́ kí Moses dúró níbì kankan.

"Àbúrò mi," Moses sọ fún Sàlámọ̀tù bó ṣe ń sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, "ọkàn mi ò balẹ̀ sí omi yìí. Omi òkun wọ ìlú láìgba àdúrà."

"Bùọ̀dá Moses, ẹja ló máa lò ó, kì í ṣe èèyàn."

"Ẹja náà, ẹ̀dá Ọlọ́run ni."

Sàlámọ̀tù rẹ́rìn-ín, ó sì gba kẹ́ẹ̀gì tó kàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí òun dúró gbọ́.

Ó da omi sínú àpótí. Láàbù wa ní haidirómítà kan, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń léfòó lójú omi láti fi hàn bí omi ṣe wúwo tó. Ó jù ú sínú omi, iye tí Ọmọ́wùmí kọ fún un gan-an ló rí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ. Láràárọ̀ ni ó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá fa omi lọ, omi lásán ló fi ń dí i, kì í ṣe omi òkun, nítorí oòrùn kì í fa iyọ̀ lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dúró, á gbé tíúbù táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ́ kún jáde, á so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ẹnu rẹ̀, atẹ́gùn á sì máa rọra ho jáde nínú omi títí iná yóò fi dé. Èmi fúnra mi bá a fẹ́ tíúbù náà lọ́jọ́ kan. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ohun tí ọ̀gá àgbà kò lè gbà ni edé. Ọmọ́wùmí ní kí ó ju òkú edé kan sínú omi kí ó jẹrà níbẹ̀, pé lára ohun tó jẹrà yẹn ni àwọn kòkòrò tín-tìn-tín yóò ti rí oúnjẹ jẹ, tí wọn yóò fi tètè pọ̀ sí i láìdúró de oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá àgbà wọlé lọ́jọ́ kẹrin, ó fọwọ́ bo imú.

"Kí ló ń rùn?"

"Edé, sà."

"O sin òkú edé sínú omi tí mo ń pe àlejò wá wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ti ya wèrè."

"Rárá, sà."

Ó jáde pẹ̀lú ìbínú. Sàlámọ̀tù lo oògùn àyẹ̀wò láàbù lọ́jọ́ náà, ó rí i pé oró tí edé jíjẹrà ń tú jáde kún inú omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oró náà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ń lọ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, oògùn àyẹ̀wò kò yí àwọ̀ padà mọ́ rárá. Omi náà mọ́ gaara débi pé ẹni tó bá wọlé lójijì lè rò pé àpótí òfìfo ni. Omi ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yege. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi omi òkun tuntun pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì rọra fi ẹja sí i: kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rá ẹja léfòó nínú àpótí, kí wọ́n máa da omi àpótí sínú ọ̀rá ní ṣíbí-ṣíbí fún wákàtí kan ó lé, kí ara ẹja lè mọ omi náà.

Ayẹyẹ ku ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Moses nìkan wa bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó láti gba ẹja mẹ́jọ lọ́wọ́ Ọmọ́wùmí, kí ó sì pọn kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin. Sàlámọ̀tù dúró dè é títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò rí i. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ó tún dúró dè é títí di aago méjìlá ààbọ̀, kò rí i. Ó gé páálí kan, ó fi máákà kọ̀wé sí i gàdàgbà gàdàgbà, ó gbé e ti àpótí: "Ẹ má da omi kankan, ẹ má sì tú ẹja kankan sílẹ̀. Mo lọ kírun Jímọ́ọ̀. Mo ń bọ̀ ní aago mẹ́ta. Sàlámọ̀tù."

Kí aago mẹ́ta tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ó ti padà. Kó tó ṣílẹ̀kùn láàbù ni òórùn ti pàdé rẹ̀. Lọ́fíndà ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò yíká, ó rò pé obìnrin kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Nígbà náà ló rí àpótí. Ìfóófòó funfun ti bo ojú omi bí omi ọṣẹ. Ẹja ìyeyè aláàlà dúdú márùn-ún ti dojú bolẹ̀. Mẹ́ta tó jẹ́ aláwọ̀ sánmọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, wọ́n ń yanu.

Ó sáré bu omi òkun tó ṣẹ́kù nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kó àwọn mẹ́ta náà sí i, ó so rọ́bà atẹ́gùn mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. Kí wọ́n tó pe ìrun Mágàríbà, gbogbo wọn ti kú.

Páálí rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ẹni tó ya á ya á sí méjì. Ó gbé ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́rin náà sí imú. Lọ́fíndà. Ó gbé e dání, ó lọ bá Moses níbi tó ti ń fọ bọ́ọ̀sì.

"Bùọ̀dá Moses, kí ni ẹ dà sínú omi mi?"

"Mi ò da nǹkan kan sí i. Wòlíì ló ṣe é."

"Wòlíì ṣe kí ni?"

Moses fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Mo ti sọ fún ọ nígbà yẹn pé omi òkun kì í wọ ìlú lásán. Bí a bá pọn ọ́n dé, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ́kọ́ lọ, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo sọ fún Wòlíì pé iṣẹ́ àbúrò mi ni, pé ẹja yẹn ò gbọdọ̀ kú. A gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì síwájú pẹpẹ lálẹ́ àná, a ka Sáàmù lé wọn lórí, ó sì ro lọ́fíndà díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́fíndà àdúrà ni. Sàlámọ̀tù, orúkọ rẹ la pè sí i. Fọ́ọ̀mù rẹ la gbàdúrà fún."

"Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n."

"Èmi?"

"Ẹja ń mí nínú omi, Bùọ̀dá Moses. Ẹ da lọ́fíndà sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ṣé ẹ lè mí nínú lọ́fíndà, ẹ̀yin?"

Ojú Moses pọ́n. Kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. "Mo ní kí a dúró dè ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò lè máa dúró de ẹni tó lọ kírun. Òun ló ya páálí. Òun ló ní kí n dà á."

Ìgbà yẹn ni ìbínú Sàlámọ̀tù tó mọ ibi tó ń lọ. Nítorí òun ì bá ti gbóòórùn. Ká ní wọ́n dúró dè é, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ì bá fi imú kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ì bá da omi náà sínú gọ́tà, ẹja ì bá wọnú omi tó ti tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí Moses ṣe, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ohun tí ọ̀gá àgbà ṣe ńkọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fi aṣọ tábìlì bo àpótí náà, wọ́n gbé òdòdó oníke lé e lórí. Àlejò wá, àlejò lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kúẹ̀rì wà lórí tábìlì Sàlámọ̀tù: kí ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹja ilé ìwé fi kú. Ó mú un dání lọ sí ọ́fíìsì.

"Jókòó," ọ̀gá àgbà wí. Ohùn rẹ̀ tutù lọ́jọ́ yẹn. Fọ́ọ̀mù Sàlámọ̀tù wà níwájú rẹ̀, kálàmù sì wà lórí fọ́ọ̀mù. "Má bínú sí kúẹ̀rì yẹn. Ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ń béèrè ibi tí ẹja wọn wọlẹ̀ sí, mo sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tí n óò fi hàn wọ́n. Kọ ọ́ pé ìwọ lo kúrò láìgbàyè, pé àṣìṣe rẹ ni. N óò kọ ìkìlọ̀ kan, yóò wọ fáìlì, ó parí. Lẹ́yìn náà, n óò fọwọ́ sí èyí. O ó lọ sí Ìbàdàn."

"Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́, sà?"

"Ìwé lásán ni, Sàlámọ̀tù. Ta ló máa kà á?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ya páálí mi."

"Páálí wo?"

Sàlámọ̀tù wò ó. Ó sọ fún mi pé ká ní ọkùnrin náà kígbe mọ́ òun ni, ó ṣeé ṣe kí òun kọ ohun tó fẹ́, nítorí òun fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, Ọlọ́run mọ̀ pé òun fẹ́ lọ. Ìbéèrè pẹ̀lẹ́ tó béèrè yẹn ló bà á jẹ́, bí ẹni tí kò rí páálí rí.

Ó tọrọ ìwé, ó jókòó sí iwájú rẹ̀ níbẹ̀, ó kọ ọ́. Ó kọ ọjọ́ àti wákàtí. Ó kọ iye tí haidirómítà fi hàn láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ ọ̀rọ̀ inú páálí náà bó ṣe wà gan-an. Ó kọ ọ́ pé omi tí wọ́n rọ lọ́fíndà sí ni wọ́n dà sínú àpótí, pé ọ̀gá àgbà ló pàṣẹ kí wọ́n dà á, pé wọn kò sì jẹ́ kí ara ẹja mọ omi kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Kò dárúkọ Moses. "Awakọ̀ tí wọ́n pàṣẹ fún" ló kọ. Ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ ẹ̀dà kejì fún ara rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà kà á tán. Ó tún un kà.

"O mọ ohun tí ò ń ṣe sí ara rẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù sí i, ó sì tì í. Sàlámọ̀tù gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Moses wá bá a ní láàbù. Ó ní òun ti rò ó, òun yóò lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun àti ọ̀gá ló ṣe é. Ó ní àmọ́ òun ní ọmọ mẹ́fà. Ó sọ ti ọmọ mẹ́fà náà lẹ́ẹ̀mejì. Sàlámọ̀tù ń fi rọ́bà fa omi àpótí dà nù, kò gbójú sókè.

"Ẹ máa lọ sídìí bọ́ọ̀sì yín, Bùọ̀dá Moses."

"O ò ní dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì yín. Inú ló ṣì ń bí mi."

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá dé, ó kọjá. Lọ́jọ́ kejì, Sàlámọ̀tù lọ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà. Àmì ife tíì nìkan ló wà níbi tó yẹ kí ìfọwọ́sí wà. Ní oṣù kejì ọdún 1992, ó pé ogójì ọdún. Lẹ́tà ìgbékúrò ti dé ṣáájú ìgbà yẹn: wọ́n ní kí ó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Orílé-Òwu. Ó fọ àpótí náà mọ́ kí ó tó lọ, ó da ìkarahun sínú àpò, ó fi òwú wé haidirómítà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ohun èlò, ó ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kan fún un. Ó ní kí n má wulẹ̀ sọ ọ́, pé òun kò ṣe tán láti gba ìtùnú.

Mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ọdún 1998. Ó mú ẹ̀dà ìwé tó kọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn jáde, ó kà á sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le bí ẹni pé ọ̀gá àgbà wà níwájú rẹ̀. Olúgbémi ti fẹ̀yìn tì lọ sí ìlú rẹ̀. Moses ti kú, Sàlámọ̀tù sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Sàlámọ̀tù ṣì ń ṣiṣẹ́ láàbù ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Orílé-Òwu, ipò kan náà tó wà lọ́dún 1991 ló sì wà títí di òní.